Abẹ́rẹ́, Oúnjẹ àti Eré: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọmọ Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ Ọjọ́ Iwájú



Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rìn lábẹ́lẹ̀ kó tó yọjú. Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi dá lórí ọmọ tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́.

Ẹ̀dọ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí hepatitis B wà lára olórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Bí àgbà bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń borí rẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀: nínú ọmọ 10 tó kó o kó tó pé ọdún kan, bíi 9 ni kòkòrò náà máa ń bá dàgbà. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ló sì yẹ kó gba àkọ́kọ́. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkómọ. Àwọn yòókù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni májèlé aflatoxin ń bá jà. Inú ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́ ló ti ń wá. Ọmọ tó bá ní hepatitis B tó tún ń jẹ ẹ́, ewu tirẹ̀ le ju ti ẹlòmíì lọ. Sísè tàbí yíyan kì í pa á tán. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó súnkì tàbí tó dúdú, ẹ ṣà á dànù. A mọ̀ pé ó ń dunni láti da oúnjẹ nù nígbà ọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ.

Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tiwọn, ti HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni Nàìjíríà fi kún àjẹsára ọ̀fẹ́. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Irọ́ ni pé ó ń sọni di àgàn. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà fi ń ranni, ó sì yẹ kí abẹ́rẹ́ ṣáájú rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé a ń fura sí ọmọ yín.

Sísanra jù kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ń rí ìtọ́jú. Ó sábà máa ń bá a dàgbà, ó sì ń dá kún jẹjẹrẹ ọmú àti ti ìfun. Ẹ dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù. Lẹ́sìnnì dára, àmọ́ kí ọmọ ráyè sáré ṣeré fún wákàtí kan lójúmọ́.

Ẹ má rán ọmọ ní sìgá: láti 2015 ni òfin ti ka títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ẹ má sì mu ún nítòsí wọn.

Nítorí jẹjẹrẹ awọ tí oòrùn ń fà, ọmọ tó bá jẹ́ àfín nílò fìlà etí gbòòrò àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ kó má máa pẹ́ nínú oòrùn. Bí ó bá ní egbò tí kò jiná, ẹ tètè gbé ọmọ náà wá sí ilé ìwòsàn.

Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání bí ẹ bá ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Bó bá ti sọnù, ẹ ṣì máa bọ̀. A ó kọ òmíràn fún yín.