Àmì Tó Wà Nígun Fíìmù

Láyé káséẹ̀tì, kí fíìmù Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ní ìlú Ara, ní Èjìgbò, àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá rí orúkọ Mainframe, Òpómúléró ti Túndé Kèlání, ti mọ irú iṣẹ́ tó ń bọ̀ kí òṣèré kankan tó lanu. Àwọn ló ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Nígbà náà, a kì í wo káséẹ̀tì tán lọ́jà ká tó rà á. Orúkọ tó ti tẹ́ni lọ́rùn rí lèèyàn ń náwó lé.

Àmì kejì ni mo fẹ́ ṣàlàyé gan-an, èyí tó kéré, tó wà nígun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lórí tẹlifíṣọ̀n wa, àwòrán 25 ló ń tò kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù wákàtí kan jẹ́ àwòrán 90,000. Ẹni tó ń to fíìmù lórí kọ̀ǹpútà á fi àmì náà lé gbogbo wọn, lójú kan náà. Tó bá ti pa iṣẹ́ pọ̀ tán, àmì àti àwòrán ti di ọ̀kan. Ohun tó wà lábẹ́ àmì kò sí mọ́. Ìdí nìyí tó fi ṣòro fún oníṣẹ́ ayédèrú láti ṣí i kúrò. Ó lè fi nǹkan bò ó, tàbí kó fẹ àwòrán títí igun yóò fi bọ́ síta, ṣùgbọ́n orí òṣèré lè bá a lọ.

Wọn kì í fi í sí etí pátápátá, torí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń jẹ etí àwòrán.

Láyé káséẹ̀tì, àmì yìí tún ń tú àṣírí ayédèrú. Tí wọ́n bá da káséẹ̀tì kọ láti ara àdàkọ, etí lẹ́tà á di bàìbàì, àwọ̀ pupa á sì ṣàn kọjá ààlà. Síídì ló fòpin sí ìyẹn. Àdàkọ rẹ̀ mọ́ bí ojúlówó, àmì rẹ̀ sì pé. Àmì ń sọ ẹni tó ni fíìmù. Kò lè sọ ẹni tó tà á. Èyí dùn mí fún àwọn onífíìmù, torí orúkọ wọn gan-an ni ayédèrú fi ń tajà.

Lórí YouTube, àmì tí ìkànnì gbé lé fídíò lórí kò wọ inú rẹ̀. Tí ẹnìkan bá fa fíìmù náà sórí fóònù, àmì yẹn á kù sẹ́yìn. Ó yẹ kí onífíìmù ṣì máa tẹ tirẹ̀ mọ́ àwòrán. Nígbà náà, fídíò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ láti Ara sí ẹbí ní Abidjan, níbi tí ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí, á gbé orúkọ ẹni tó ṣe é débẹ̀.