Ìwé Pélébé Ṣokoléètì àti Jẹ́lì Ayé Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Wọn àti Bí A Ṣe Ń Sè Láti Inú Wọn

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kòkó ló ń di ṣokoléètì, jẹ́látìnì ló sì ń mú jẹ́lì dì, nítorí náà a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Baker ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kòkó ní 1780. Ní 1883 ni wọ́n fi àwòrán ọmọbìnrin tó gbé tíréè ṣokoléètì lọ́wọ́ ṣe àmì ọjà wọn. Knox tó ń ta jẹ́látìnì gbé ìwé ìsè-oúnjẹ tirẹ̀ jáde ní 1896. Ní 1897, Pearle Wait ṣe Jell-O ní ìlú LeRoy, ní New York, àmọ́ ọjà náà kò tà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá tà á fún Orator Woodward ní 1899 ní 450 dọ́là péré. Láti 1904 ni àwọn èèyàn Woodward ti ń pín ìwé pélébé ìsè-oúnjẹ láti ojúlé dé ojúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á wá lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé kó tètè ra Jell-O pamọ́, torí àwọn ìyálé ilé máa tó wá béèrè rẹ̀. Lára ohun tó jẹ́ kí ìpolówó inú ìwé ìsè-oúnjẹ gbilẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, àwọn tíì alágolo bíi Bournvita àti Milo ló ṣíwájú. Bournvita jáde ní Ìlú Ọba ní 1932. Thomas Mayne ṣe Milo ní Ọsirélíà ní 1934. Ilé iṣẹ́ ìpolówó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, West African Publicity, ti wà ṣáájú wọn, láti 1928. Cadbury Nigeria, tó ń ṣe Bournvita níbí, gba orúkọ lọ́dọ̀ ìjọba ní January 1965, Agídíngbì ní Ìkẹjà ló sì fi ṣe ibùjókòó.

Kòkó Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wa

Ó yẹ kí àwa tí à ń gbé ní Command, Ìpájà àti Ayọ̀bọ́ ní Èkó mọ èyí. Oko kòkó ni apá Agége lẹ́yìn wa níhìn-ín nígbà kan. J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn ní nǹkan bí 1880. J. K. Coker dá oko ńlá ní Ifákọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọ̀nyí kó irúgbìn àti ìmọ̀ padà sílé, lára ohun tó jẹ́ kí kòkó tàn dé ilẹ̀ Ìbàdàn, Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí ilẹ̀ oko náà báyìí. Nígbà tí ẹ bá ka ìwé pélébé tó ń sọ nípa “kòkó àtàtà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà,” ẹ rántí pé kò jìnnà síbi tí ẹ jókòó sí.

Ìkórè ńlá kòkó: October sí February. Ìkórè kékeré: láti nǹkan bí April lọ.

Mímọ Ọjọ́ Orí Ìwé tàbí Agolo

Ọ̀pọ̀ ìwé pélébé kì í ní ọdún lára, ọgbọ́n la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo owó. Bí iye rẹ̀ bá jẹ́ ṣílè àti pẹ́nì, irú bí 1/6, ó ti wà ṣáájú 1 January 1973, ọjọ́ tí náírà dé. ₦2 ni a pààrọ̀ fún pọ́n-ùn kan, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ 10. Nípa bẹ́ẹ̀, 1/6 jẹ́ kọ́bọ̀ 15, 2/6 sì jẹ́ kọ́bọ̀ 25.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àdírẹ́sì. “Western Region” ti wà ṣáájú 27 May 1967, ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó náà sílẹ̀. “Western State” bọ́ sáàárín ọjọ́ yẹn àti 3 February 1976, nígbà tí wọ́n pín in sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ibi tí a ti rí “Lagos State” kò lè dàgbà ju 1967 lọ, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.

Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ pẹ̀lú. “Cadbury Nigeria” kò sí ṣáájú 1965. “Cadbury Schweppes” bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Agolo Milo tí “Food Specialities (Nigeria)” wà lára rẹ̀ ti pẹ́ dáadáa, torí orúkọ tí Nestlé ń jẹ́ níbí nígbà kan nìyẹn. Àmì onílà dúdú-funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà kò wọ́pọ̀ lára ọjà ṣáájú 1974. Nọ́ńbà NAFDAC kò lè ṣáájú 1993. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 jẹ́ ti 2001 sókè.

Èyí tó bá kù tí kò yéni, ẹ lọ wo ìpolówó inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwọ̀n Inú Wọn

Ibí yìí ni oúnjẹ ti máa ń bàjẹ́. Páíǹtì Ìlú Ọba jẹ́ mílílítà 568, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473. Ẹni tó bá fi omi páíǹtì Ìlú Ọba po jẹ́lì inú ìwé Amẹ́ríkà, ṣíṣàn ni yóò máa ṣàn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn ìwé wò kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ife Amẹ́ríkà kan jẹ́ mílílítà 237. Gill Ìlú Ọba jẹ́ 142. Áúnsì kan jẹ́ gíráàmù 28, pọ́n-ùn ìwọ̀n kan jẹ́ 454. Ife ṣúgà kan tó gíráàmù 200, ti ìyẹ̀fun tó 125. Ṣíbí ìjẹun jẹ́ mílílítà 15, ṣíbí tíì jẹ́ 5.

Bí ìwé bá ní kí ààrò wà ní 350, Fahrenheit ni, 180 Celsius ti òde òní ni. 300 jẹ́ 150, 400 sì jẹ́ 200. “Regulo 4” ti ààrò gáàsì náà jẹ́ 180.

Àwọn ìwé ìsè-oúnjẹ ilẹ̀ wa máa ń lo ago sìgá. Bí ẹ bá ṣì ní ọ̀kan nílé, ẹ bu omi kún un, kí ẹ da omi náà sínú ife oníwọ̀n, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ẹ má fi kóńgò tàbí dẹ́ríkà ọjà ṣe ìwọ̀n kéèkì. Ti ìyá ọlọ́jà kan kì í bá ti èkejì mu.

Kòkó Nínú Ìkòkò

Ìwé Baker sábà máa ń béèrè ṣokoléètì aláìládùn, áúnsì kan. Ẹ má lọ wá a káàkiri súpámákẹ́ẹ̀tì. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta kòkó lílọ̀ àti ṣíbí kan bọ́tà tàbí òróró yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bournvita àti Milo kì í ṣe kòkó lílọ̀. Ṣúgà àti mọ́ọ̀tì wà nínú wọn, nítorí náà bí ẹ bá fi wọ́n dípò kòkó, ẹ fi ìlọ́po méjì sí i, kí ẹ sì dín ṣúgà inú ìwé kù sí ìdajì. Àdídùn rẹ̀ á wà, àmọ́ kò ní dúdú, kò sì ní ta lẹ́nu bíi kòkó gangan. Kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà ló pé owó jù, díẹ̀ ni à ń bù nínú rẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an ní 2024, ọdún tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní March, tó sì lé ní 12,000 ní December.

Èyí tó ń yọrí láìlo ààrò rárá ni pudínì kòkó. Ẹ da mílíìkì olómi agolo kan sínú ife, ẹ fi omi kún un títí yóò fi tó mílílítà 475. Ẹ po ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ìyẹ̀fun kọ́sítáàdì, méjì kòkó lílọ̀, mẹ́rin ṣúgà àti iyọ̀ fíńfín pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi díẹ̀ nínú mílíìkì tútù náà pò ó títí kókó kankan kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ìyókù kaná. Bó bá ti ń hó létí ìkòkò, ẹ da èyí tí ẹ pò sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ ó rí i tí yóò máa dán, tí ipa ọmọ orógùn yóò sì hàn lójú rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́. Ó tó èèyàn mẹ́rin, gbígbóná tàbí tútù.

Jẹ́lì àti Ooru Èkó

Àwọn tó kọ ìwé Jell-O kò mọ ooru wa. Jẹ́látìnì gíráàmù 7, èyí tó wà nínú àpò kékeré kan, ń mú mílílítà 475 omi èso dì. Ẹ wọ́n ọn sórí omi tútù ìdá mẹ́rin ife fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó mu omi. Ẹ wá da omi ọsàn gbígbóná díẹ̀ sí i, kó yọ́ tán, kí ẹ da ìyókù lé e. Ẹ má jẹ́ kí ó hó. Híhó ń dín agbára rẹ̀ kù. Ó nílò wákàtí mẹ́rin nínú fìríìjì. Lórí tábìlì kò ní dì láéláé níhìn-ín, àyàfi bóyá lóru ọyẹ́. Bí kò bá sí iná, ẹ ra yìnyín alápò, ẹ gbé abọ́ jẹ́lì sáàárín rẹ̀ nínú kúlà, kí ẹ dé e pa. Ẹni tó ní àlejò ní ọ̀sán gangan kó má gbé jẹ́lì síta kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì tán.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, gúáfà àti atalẹ̀ tútù kò ní jẹ́ kí jẹ́lì dì. Èròjà kan wà nínú wọn tó ń tú jẹ́látìnì palẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹran tí a fi ìbẹ́pẹ dúdú sè tètè rọ̀. Ẹ bọ̀ wọ́n kí wọ́n hó dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí ẹ lo ti inú agolo. Ọsàn kò ní wàhálà kankan.

Awọ àti egungun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́látìnì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ti màlúù tàbí halal sí lára. Ìwé àtijọ́ kì í sọ ọ́. Ẹni tó ti rí omi ẹsẹ̀ màlúù tó sùn mọ́jú nínú fìríìjì ti mọ bí jẹ́látìnì ṣe rí.

Ìtọ́jú

Òjò April sí July àti ti September sí October ló ń ba ìwé jẹ́ jù. Ẹ má kó ìwé sílẹ̀ yàrá, ẹ má gbé e ti ògiri tó ń tutù. Ikán kì í fún èèyàn ní ìkìlọ̀. Ẹ yọ pín-ìn tó bá ti dípẹtà, kí ẹ fi òwú funfun rán an. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, yóò pọ́n, yóò sì jẹ ìwé náà. Ìbòjì ni kí ẹ ti sá a. Oòrùn gangan máa ń pa àwọ̀ pupa àti ofeefee tó jẹ́ ẹwà ìpolówó wọ̀nyí.

Èyí Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wọn

Kudeti Book of Yoruba Cookery, tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo kọ, tí C.M.S. Bookshop sì tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1934. Kò polówó ọjà ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ilẹ̀ wa ló wà nínú rẹ̀. Bí owó bá mọ ní ìwé kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ rà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Púpọ̀ nínú ìwé pélébé wọ̀nyí ti parí sọ́dọ̀ àwọn tó ń pọ́n ẹ̀pà àti bọ́ọ̀lì. Bí ẹ bá ń palẹ̀ àpótí ìyá tàbí ìyá àgbà yín mọ́, ẹ ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fóònù ya iwájú, ẹ̀yìn àti ibi tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí, kí ẹ tó jẹ́ kó jáde nílé.