Bátìrì Tí Kò Ní Omi Nínú

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ni a fi ń pa iná. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ iná ni. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú bátìrì lítíọ́mù tí a ń lò nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nínú aròkọ yìí, n óò ṣàlàyé iṣẹ́ tí omi náà ń ṣe, ewu rẹ̀, àti ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Jàpáànì kọ́kọ́ gbé bátìrì yìí jáde fún títà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Bí a bá ń fi iná mànàmáná sí i, lítíọ́mù yóò gba inú omi náà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kan; bí a bá ń lò ó, yóò padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó pààlà láàrin wọn. Bí ike náà bá lu, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò pàdé, bátìrì yóò gbóná, omi náà yóò sì gbiná.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, bátìrì lítíọ́mù gbiná nínú ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 kan tí ó dúró sí pápákọ̀ òfuurufú ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàrin oṣù náà ni wọ́n dá gbogbo irú ọkọ̀ náà dúró títí wọ́n fi tún ètò bátìrì rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá ohun líle tí lítíọ́mù lè gbà kọjá bí ẹni gba inú omi. Irú méjì ni n óò mẹ́nu bà.

Èkíní ni èyí tí Werner Weppner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2007. Inú iná líle ni a ti ń sun ún, bí amọ̀kòkò ṣe ń sun ìkòkò. Kì í gbiná rárá. Ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́ bí àwo tánńganran, lítíọ́mù sì lè hù bí irun tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tún pàdé.

Èkejì ni èyí tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, Ryoji Kanno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì fi hàn pé lítíọ́mù ń yára kọjá nínú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe nínú omi. Ẹ̀wẹ̀, bí afẹ́fẹ́ tí ó ní ọ̀rinrin bá kàn án, yóò tú èéfín olóró tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ jáde.

Ní ìparí, a rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní àléébù tirẹ̀. Bátìrì olómi ni ó ṣì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ẹ má ṣe fi fóònù tí ó wà lórí iná sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Bátìrì tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.