Ohun tí ẹgbẹ́ Busia fi sílẹ̀ fún oníṣòwò Odawna

Lábẹ́ afárá ńlá Kwame Nkrumah Circle nílùú Accra, létí odò Odaw, ni Odawna wà. Fóònù, ṣájà, bàtà àti aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ tírótíró sì ń gba àárín ìsọ̀ kọjá. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn oníṣòwò ọmọ Gánà kan kó ara wọn jọ ní agbègbè Circle yìí, wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2020, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló wá ń yẹ ìwé wò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, wọ́n á gbé àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nana Akufo-Addo ló wà lórí àlééfà nígbà náà, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NPP. Ẹgbẹ́ yìí ni apá ọ̀tún nínú òṣèlú Gánà: àwọn tó gbà pé ọwọ́ oníṣòwò ló yẹ kí ọrọ̀ ajé wà, pé kí ìjọba má ṣe dá sí i jù, pé kí wọ́n bu ọlá fún ọba àti ìjọ Ọlọ́run. J. B. Danquah, tó kú sẹ́wọ̀n Nsawam lóṣù Kejì 1965 lábẹ́ ìjọba Nkrumah, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Busia ni baba ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn tó ń tọ ipa ọ̀nà òṣèlú yìí ti ṣèjọba: Busia láti 1969 dé 1972, John Kufuor láti 2001 dé 2009, Akufo-Addo láti 2017 dé 2025. Agboolé kan náà sì ni wọ́n. Kufuor jẹ́ igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ Busia. Edward Akufo-Addo, bàbá Nana, ni Ààrẹ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Busia tó jẹ́ olóòtú ìjọba ló di agbára mú.

Ọ̀rọ̀ Busia ni kò lè tán nílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ta ló ní ìwé? Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń ná ọjà Gánà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Busia. Wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n wà ní Tamale, àdúgbò kan sì wà nítòsí Circle tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí, tó ti di Accra New Town báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò tí ì fẹsẹ̀ tẹ ìlú bàbá wọn rí. Wọ́n ta ẹrù ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sì gbé. Nàìjíríà tó yẹ kó gbèjà wọn ń jagun abẹ́lé lọ́wọ́.

Àìríṣẹ́ṣe àti gbèsè tí wọ́n bá nílẹ̀ ni ìjọba Busia fẹ́ wá nǹkan ṣe sí, òfin tó sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1970 fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Àǹfààní tí wọ́n retí kò dé. Àwọn oko kòkó tí àlejò ń ṣiṣẹ́ nínú wọn kò rí òṣìṣẹ́ tó mọ́. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, Busia já iye cedi, owó Gánà, wálẹ̀ gidigidi ní òpin oṣù Kejìlá 1971. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí Ọ̀gágun Acheampong fi lé e kúrò, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1972. Nílẹ̀ òkèèrè, Busia ti dúró lé e pé kí Áfíríkà bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa jíròrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń sọ pé kí wọ́n ta á nù. Ẹni tó ní sùúrù fún Pretoria kò ní sùúrù ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Kí a má gbàgbé pé Nàìjíríà náà ṣe é. Ààrẹ Shehu Shagari, tí ẹgbẹ́ NPN tirẹ̀ náà jẹ́ ti apá ọ̀tún, lé àwọn ọmọ Gánà lóṣù Kìíní 1983 nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀.

Ti Kufuor yàtọ̀. Ó gba ètò ìdáríjì gbèsè lọ́dún 2001, kò ka ìtìjú sí. Ó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ lọ́dún 2003. Lóṣù Keje 2007, ó gé òdo mẹ́rin kúrò lára cedi, 10,000 di 1. Zenith Bank ti Nàìjíríà wọ Accra lọ́dún 2005, GTBank tí òun náà jẹ́ ti Nàìjíríà tẹ̀ lé e lọ́dún 2006. Òun náà ló ṣe alága àjọ ECOWAS nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Liberia ní Accra lóṣù Kẹjọ 2003. Ó rọ ọmọ Gánà kí wọ́n máa wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, èyí sì mú kí aṣọ tà. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun ló ṣe oníṣòwò tó ti ìhà wa wá lóore jù.

Akufo-Addo ló nira láti gbé léwọ̀n. Ó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án 2017. Ó tún jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á kọ́ kàtídírà fún Ọlọ́run. Bíi mílíọ̀nù 58 dọ́là lọ sí i, ihò ìpìlẹ̀ ló kù nílẹ̀. Ó pe ọdún 2019 ní Ọdún Ìpadàbọ̀ fún àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ó sì sọ 126 nínú wọn di ọmọ Gánà lóṣù Kọkànlá. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Circle, a kò sì rí i kó dìde fún aládùúgbò bó ṣe dìde fún ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé.

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: òun kọ́ ló ṣe òfin tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn. Òfin 865 ti ọdún 2013, lásìkò Ààrẹ John Mahama tó wá láti ẹgbẹ́ mìíràn, ló sọ pé àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó gba ogún ọmọ Gánà síṣẹ́, kó má sì tajà nínú ọjà rárá. Ààlà Nàìjíríà tí Ààrẹ Buhari tì láti oṣù Kẹjọ 2019 dé oṣù Kejìlá 2020 náà bí àwọn oníṣòwò Gánà nínú, torí ọkọ̀ ẹrù wọn há sí Sẹ̀mẹ̀. Femi Gbajabiamila, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà nígbà náà, lọ bẹ̀bẹ̀ ní Accra lóṣù Kẹsàn-án 2020. Inú oṣù yẹn ni Akufo-Addo di alága ECOWAS.

Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé dojú rú. Dọ́là kan tó tó cedi mẹ́rin àti díẹ̀ nígbà tó wọlé kọjá 14 nígbà tó ń lọ. Ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2022, Gánà dáwọ́ gbèsè sísan dúró, àjọ IMF sì yá wọn bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lóṣù Karùn-ún 2023. Ọmọ Gánà àti àlejò jọ jẹ ìyà náà ni. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì ní Circle gbé cedi ró.

Mahama ti padà dé láti oṣù Kìíní 2025, síbẹ̀ nígbà tó di oṣù Keje, àwọn kan tún jáde ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ẹgbẹ́ kan. Láti 1979 ni Gánà àti Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i nínú ECOWAS pé ọmọ àjọ náà lè wọ ìlú ara wọn, kó máa gbé, kó sì ṣòwò. Kí Abuja àti Accra jókòó kí ìdìbò Gánà ti 2028 tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú Òfin 865 pé mílíọ̀nù kan dọ́là kò kan ẹni tó ń ta ṣájà ní Odawna.