Ìdánwò GRE: Ṣé Inú Ilé Ni Kí Ọmọ Wa Ti Ṣe É, Àbí Gbọ̀ngàn?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ti jáde yunifásítì, tí wọ́n sì ti sin ilẹ̀ baba wọn tán, ló ń wá ọ̀nà lọ sí Amẹ́ríkà láti gba dígírì kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá pàdé lójú ọ̀nà ni ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní GRE. Àjọ ETS ló ni ín. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn àwọn gbọ̀ngàn ìdánwò pa, ETS gbà kí èèyàn jókòó sínú ilé rẹ̀ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kí alámòójútó máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Kòrónà ti lọ, ìdánwò ilé kò bá a lọ. Ọmọ tó bá ń forúkọ sílẹ̀ ní láti mú ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, ìpinnu yìí kì í ṣe ti ọmọ nìkan, nítorí bó bá mú ti ilé, gbogbo ará ilé ló máa bá a ṣe é.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀ rárá, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni kò béèrè GRE mọ́. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà, kò sì yẹ kéèyàn san án fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé yunifásítì á fojú kéré èsì ẹni tó ṣe é nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè kan náà ni, àkókò kan náà ni, ìwé èsì tó ń lọ sí yunifásítì kò sì sọ ibi tí ọmọ jókòó sí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti gé ìdánwò náà kúrú: ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58. Àròkọ kan ló ṣáájú fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà ìbéèrè 27 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti 27 lórí ìṣirò. Kò sí ìsinmi láàrin rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé tàbí gbọ̀ngàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èyí tó rọrùn jù. Irú ilé tí ẹ ń gbé, irú aṣọ tí ọmọ yín ń wọ̀ àti bí àkókò ṣe rí ló máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé náà wò. Yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì ni wọ́n ń béèrè, kí ọmọ wà níbẹ̀ lóun nìkan. Wọn kò gba kọ́fẹ́ẹ̀ tàbí ibikíbi tí èrò ń wọlé wọ̀de. Orí tábìlì àti àga ni yóò jókòó sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Láptọ́ọ̀pù tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni yóò lò. Fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì kò wúlò níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi íápíìsì sí etí. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, yóò gbé kámẹ́rà yí gbogbo yàrá ká kí alámòójútó lè rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti orí tábìlì. Kò gbọ́dọ̀ fi ìwé lásán ṣe ìṣirò: pátákó funfun kékeré kan tó ṣeé nù, tàbí abala ìwé kan tí wọ́n fi sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, pẹ̀lú máákà tó ṣeé nù, ni wọ́n fọwọ́ sí. Yóò sì nu gbogbo rẹ̀ lójú alámòójútó nígbà tó bá parí. Ẹ má fojú kéré èyí o. Ẹni tó ti ń fi bírò ṣe ìṣirò sínú ìwé láti kékeré máa ń rí i pé máákà orí pátákó ń yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Kí ó ti fi kọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ tó pé.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá ìdánwò ilé ní ọ̀dọ̀ tiwa ni iná àti èèyàn. Bátìrì láptọ́ọ̀pù lè gbé wákàtí méjì, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ilé tó ní ínfátà tàbí MiFi tí wọ́n ti gba iná sí kún ló lè fọkàn balẹ̀. ETS ní ètò tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà wò. Kí ọmọ ṣe é nínú yàrá náà gan-an, ní irú àkókò tó máa jókòó, kí ó má sì lo láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì tí àwọn ọ̀gá ti tì í pa mọ́ àwọn ètò kan. Ní ti èèyàn, àbúrò tó kàn ṣí ilẹ̀kùn láti béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lè mú kí wọ́n fagi lé ìdánwò náà. Kí ẹnì kan nínú ilé jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi parí. Ẹ tún wádìí bóyá aládùúgbò ní ìsọmọlórúkọ tàbí ìnáwó lọ́jọ́ náà, nítorí a mọ bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe máa ń ké ní àdúgbò wa. Bó bá jẹ́ pé ilé oníyàrá ojúkojú lẹ ń gbé, ní tèmi, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn ọmọbìnrin wa gan-an, òun ló sì yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí kọ́kọ́ jíròrò. Òfin ìdánwò ilé sọ pé etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí rẹ̀ ni pé alámòójútó kò sí nítòsí láti mọ̀ bóyá èèyàn fi nǹkan pa mọ́ sí etí. Wọ́n gba ìbòrí tó jẹ́ ti ẹ̀sìn, bí kò bá ti bo etí. Wọn kò gba ìbòjú rárá, nítorí náà kò sí àyè fún níkáàbù. Àwọn kan á ní, “Ṣebí inú ilé náà ni?” Inú ilé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjèjì ló ń wò ó, ó sì lè jẹ́ ọkùnrin. Fọ́tò tí wọ́n bá yà lọ́jọ́ náà sì tún máa bá èsì lọ sí àwọn yunifásítì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé ọmọbìnrin tí kò fẹ́ ṣí etí rẹ̀ síta kò gbọ́dọ̀ sanwó ìdánwò ilé pẹ̀lú ìrètí pé alámòójútó á ṣàánú òun. Ọjọ́ ìdánwò kọ́ ni ọjọ́ àríyànjiyàn. Kí ó kọ̀wé sí ETS ṣáájú kí ó sì gba èsì tó ṣeé dì mú, tàbí kí ó lọ sí gbọ̀ngàn. Ní gbọ̀ngàn, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Wọ́n lè yẹ híjáàbù wò kó tó wọlé. Kí ó tètè dé, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí obìnrin yẹ òun wò ní kọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó wà ní Èkó àti Àbújá, àyè sì lè tètè kún. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ fi àárọ̀ ọjọ́ náà rìnrìn àjò; kí ó lọ sùn sọ́dọ̀ ẹbí kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àmọ́ bó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ iná di tiwọn, ìwé tí yóò fi ṣe ìṣirò di tiwọn, kò sì sí àbúrò tó máa ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ti ìrun, ìdánwò ilé ló fúnni láyè jù, nítorí tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti parí kí ìrun Àìlà tó wọlé, kódà bí àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ bá falẹ̀. Òmíràn á fẹ́ràn lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nígbà tí ilé ti dákẹ́. Ẹni tó bá ń lọ sí gbọ̀ngàn kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, bó bá sì bọ́ sínú Ràmàdáánì, àárọ̀ ló dára jù fún un.

Àwọn tó ń lọ fún MBA sábà máa ń ṣe GMAT dípò GRE. Òun náà ní ti ilé àti ti gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ yàtọ̀. Kí wọ́n ka tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibikíbi tí ọmọ bá mú, orúkọ tó fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Àwa Mùsùlùmí la tiẹ̀ yẹ kó ṣọ́ra jù níbí. Ọmọ kan náà ni Abdul-Azeez nínú ìwé ẹ̀rí, Abdulazeez nínú pásípọ́ọ̀tù, Azeez lẹ́nu ìyá rẹ̀. Rukayat níhìn-ín, Ruqoyyah lọ́hùn-ún. Wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, kí owó sì gbé.

Ọjọ́ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ló ń pa ìforúkọsílẹ̀ dé ní oṣù Kejìlá. Èsì máa ń tó ọjọ́ 8 sí 10 kó tó jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21. Bó bá ṣe é ní oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, àyè ẹ̀ẹ̀kejì ṣì wà. Bí ẹ bá sì rí i nígbà tí ẹ ń yẹ ẹ̀rọ wò pé ilé kò ní gbà á, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú kí ó tó ku ọjọ́ mẹ́rin.