"Ó dán" kò túmọ̀ sí "ojú rẹ̀ hàn": ọ̀rọ̀ fún yíyan ṣílè fàdákà

Ẹni tó bá ń ṣa ṣílè àtijọ́ jọ ní Adja-Ouèrè, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ ya "ó dán" sọ́tọ̀ kúrò lára "ojú rẹ̀ hàn". Láti 1913 ni West African Currency Board ti ń fi fàdákà ṣe ṣílè. Ní 1920 ni idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ọdún ni a kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà, a ó béèrè pé: kí ló hàn? Adé ọba ńkọ́? Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? "Hàn" ń béèrè ohun tí a lè tọ́ka sí; "dán" kò béèrè nǹkan kan. Owó tí a fi eérú ha lè máa dán, kí ojú rẹ̀ sì ti pa rẹ́. Ẹni tó bá ka "dán" sí "dára" ni yóò san àsanjù.