Ọjọ́ orí táyà ọkọ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ

Ọjọ́ orí táyà ọkọ̀ ni àkókò tí táyà ti lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ní ilé-iṣẹ́, yálà ó ti fẹsẹ̀ kan títì tàbí kò tíì kàn án. Ohun méjì ni ó máa ń sọ táyà di aláìwúlò: kí ojú rẹ̀ jẹ tán lórí títì, tàbí kí rọ́bà rẹ̀ gbó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì ní agbègbè Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí pé ọkọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ ń dúró ju bí wọ́n ṣe ń rìn lọ.

Igbókọ̀dá ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Títì láti Òkìtìpupa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ sí Ayétòrò àti ọ̀pọ̀ ìletò etí òkun mìíràn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú omi kò lè wa mọ́tò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní láti fi í sílẹ̀ sí ìlú. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún 5 kí ó má rin ìrìn tí takisí ń rìn láàárín oṣù díẹ̀. Ojú táyà rẹ̀ yóò ṣì jinlẹ̀, ẹni tí ó ni ín yóò sì gbà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Bí rọ́bà ṣe ń gbó

Rọ́bà tútù kò lágbára. Imí-ọjọ́ tí wọ́n ń sè mọ́ ọn ni ó ń mú kí ó le kí ó sì máa nà. Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ni ó ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1839. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè nà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yìí ń yá tó. Òsóònù, tí òun náà wà nínú afẹ́fẹ́, ní tirẹ̀ máa ń la ẹ̀gbẹ́ táyà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àwọn tí ń ṣe táyà mọ èyí, wọ́n sì máa ń po ìda àti àwọn èròjà mìíràn mọ́ rọ́bà láti dáàbò bò ó. Bí táyà bá ṣe ń yí, tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń nà, ni ìda náà ń jáde sí ojú rẹ̀. Táyà tí ó dúró sójú kan kì í rí ààbò yìí gbà tó bí ó ti yẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé mọ́tò sílẹ̀ kí táyà rẹ̀ lè pẹ́ ń ṣe òdìkejì ohun tí ó ń wá.

Iyọ̀ òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ ba rọ́bà fúnra rẹ̀ jẹ́. Irin ni ó ń jẹ. Ó ń mú kí ríìmù dípẹtà níbi tí táyà ti fara mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yóò sì máa yọ́ jáde. Bí ìṣó bá gún táyà, tí omi oníyọ̀ sì ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn wáyà irin inú rẹ̀, ìpẹtà yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Fọkanáísà tí ó dí ihò náà láti òde nìkan kò tíì kan ìṣòro yẹn.

Kíka ọjọ́ ìbí táyà

Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ọ̀wọ́ àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan wà. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà 4 ni ó ń parí rẹ̀: 2 àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, 2 ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Ìgbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, ènìyàn yóò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rí i.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ilẹ̀ Nàìjíríà (FRSC), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tí ó ti ju ọdún 4 lọ. Michelin ní tirẹ̀ ní kí a máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 5, kí ó má sì kọjá ọdún 10 rárá. Ní ilẹ̀ olóoru, ìwọ̀n ti FRSC ni ó bọ́gbọ́n mu jù.

Ilé-iṣẹ́ táyà Michelin ní Port Harcourt ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop ní Ìkẹjà náà fi dáwọ́ dúró. Báyìí, igi rọ́bà ń hù ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, táyà sì ń ti òkè òkun wá. Táyà “tuntun” tí ó ti lo ọdún 3 nínú àpótí ọkọ̀ òkun àti ní ìsọ̀ ti ná púpọ̀ nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ti tòkunbọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tà á.

Nígbà tí òṣèré Paul Walker kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Kalifọ́níà ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, àwọn olùṣèwádìí sọ pé eré àsápajúdé ni olórí okùnfà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé táyà ọkọ̀ olówó iyebíye náà ti tó ọdún 9.

Ohun tí ń jẹ ojú táyà

Ojú táyà tuntun máa ń jìn tó bíi mílímítà 8. Ní mílímítà 1.6 ó ti tán. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni yóò jẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, àárín ni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń jẹ, kí a lọ tún aláínímẹ́ǹtì ṣe. Ẹrù àpọ̀jù, irú èyí tí ọkọ̀ ẹja àti yìnyín máa ń gbé, ń mú kí táyà gbóná, pàápàá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Táyà máa ń pàdánù afẹ́fẹ́ díẹ̀ lóṣooṣù láìsí ihò kankan, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fi gẹ́ẹ̀jì wọn ọkọ̀ tí ó ti ń dúró kí ó tó kúrò ní Igbókọ̀dá, nígbà tí táyà ṣì tutù.

Èyí tí àwọn awakọ̀ máa ń gbàgbé jù ni sípéà. Kò tíì kan títì rí, ojú rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ lè bá ti ọkọ̀ dọ́gba. Òun sì ni wọ́n máa ń gbé wọ̀ nígbà tí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, láìwo nọ́ńbà ara rẹ̀.